Kóòtù funfun tí a ń wọ̀ lẹ́ẹ̀kan jù nù nílé iṣẹ́ oògùn: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ọmọ Àfọ̀njá:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé iṣẹ́ oògùn kan n'Ílọrin níbí ni mo wà, ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tẹ tábúlẹ́ẹ̀tì. Wọ́n gbé ríra kóòtù lé mi lọ́wọ́, eléyìí tí a ó máa wọ̀ lẹ́ẹ̀kan jù nù. Sáńpù mẹ́ta ló wà níwájú mi báyìí. Ọ̀kan fẹ́lẹ́ bí ọ̀rá búrẹ́dì, 25 gsm ni wọ́n kọ sí i lára, ìyẹn iye gíráàmù tí aṣọ ẹ̀ wọ̀n ní mítà kan níbùú lóòró. Èkejì ni SMS, aṣọ ike onípele mẹ́ta tí wọ́n tẹ̀ pọ̀, 40 gsm. Ẹ̀kẹta ni Tyvek, aṣọ ike tó yi tó dà bíi bébà, owó ẹ̀ ò ṣeé gbọ́ sétí. Àkáǹtáǹtì wa ní kí n mú èyí tó fẹ́lẹ́, pé funfun ni gbogbo ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wọ̀ ọ́ rí, kí lẹ rí?

Bọ̀dá Ọ̀fà:
Má mú èyí tó fẹ́lẹ́.

Ọmọ Àfọ̀njá:
Bọ̀dá, kí ló dé? Ẹ ṣàlàyé.

Bọ̀dá Ọ̀fà:
Abẹ́ apá ẹ̀ á ya kó tó di aago mẹ́wàá.

Ìyá Ìbejì Tankẹ:
Ẹ jẹ́ n sọ tèmi torí ó ti pẹ́ tó ti wà nínú mi. Ẹ̀ka pẹnisílíìnì ni mo ti ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ kan, àwa là ń rọ ìyẹ̀fun sínú kápúsù. Kóòtù òwú ni wọ́n fún wa, méjì péré fún ẹnì kan, kálukú á sì gbé tiẹ̀ lọ sílé lọ fọ̀. Lọ́jọ́ kan tó ti rẹ̀ mí tẹnutẹnu mo dé, mo sọ kóòtù sórí bẹ́ẹ̀dì, mo bọ́ sí kíṣìnnì lọ ro túwó. Àṣé Táyé ti gun bẹ́ẹ̀dì, ó ti fi kóòtù yẹn borí, ó ń ṣeré ara ẹ̀. Ìgbà tí n ó fi padà, ojú ọmọ ti wú dí, ètè ẹ̀ ti yọ síta, èémí ẹ̀ ń dún fíì, fíì. Ọ̀kadà ló gbé wa dé ọsibítù, Ọlọ́run ló yọ wá. Nígbà tára ọmọ balẹ̀, dókítà ní kí ló jẹ, mo ní wàrà ló jẹ lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ ó ti ń jẹ wàrà látìgbà tó ti héyín. Ó wá bi mí níṣẹ́ tí mò ń ṣe. Bí mo ṣe ní pẹnisílíìnì, ó kàn ń wò mí ni. Mo délé, mo gbọn kóòtù yẹn sórí híjáàbù dúdú kan. Ẹ̀yin èèyàn mi, etí ọwọ́ ẹ̀, níbi tí tẹ́lọ̀ ti ṣẹ́ ẹ pọ̀ rán, ìyẹ̀fun funfun ló há síbẹ̀ bí gààrí kíkúnná ṣe ń há sójú asẹ́.

Alhaja QC:
Allahu akbar. Ìyá Ìbejì, ara mi bù máṣọ.

Ṣíṣé ló dáa:
Ṣó dá yín lójú pé kóòtù ni ṣá? Ọmọ lè ti lọ jẹ ẹ̀pà lọ́dọ̀ aládùúgbò.

Ìyá Ìbejì Tankẹ:
Ó dá mi lójú. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà, pẹnisílíìnì ni ara ẹ̀ kọ̀. Kẹ́hìndé rèé, kò ṣe é ní nǹkan kan.

Apòògùn Òmù-Àrán:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá. Àmọ́ kéèyàn má gbọn irú kóòtù bẹ́ẹ̀ o, inú yàrá ni ìyẹ̀fun yẹn ń tú sí. Ọ̀rá ni kẹ́ ẹ kó o sí, kẹ́ ẹ so ẹnu ẹ̀. Pẹnisílíìnì ò ní kó pọ̀ kó tó ṣọṣẹ́, ìyẹn ni wọ́n ṣe ní kí ilé tí wọ́n ti ń ṣe é dá dúró, kí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ má bá ti ibòmíì pàdé. Kóòtù tó bá wọbẹ̀, ibẹ̀ ni kó ti bọ́, ibẹ̀ ni kó ti wọ garawa ìdọ̀tí. Ilé iṣẹ́ tó ní kẹ́ ẹ gbé e lọ fọ̀ nílé ṣe ohun tí kò dáa. Òwú gan-an ń tú irun, fọ́nrán ẹ̀ á sì bọ́ sínú oògùn.

Alhaja QC:
Ọmọ Àfọ̀njá, ọ̀rọ̀ ìyá yìí ni kó o fi ra tìẹ. Wo ọrùn ọwọ́! Owó kọ́ ni kó o kọ́kọ́ wò. Wọ sáńpù yẹn, wọ ìbọ̀wọ́ sórí ẹ̀, wá nawọ́ sókè bí ẹni fẹ́ já máńgòrò, bẹ̀rẹ̀, na ọwọ́ síwájú bí ẹni ń bu ìyẹ̀fun nísàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù. Tí ara rẹ bá yọ láàárín ìbọ̀wọ́ àti ọwọ́ kóòtù, kò dáa, ìbáà jẹ́ Tyvek. Èyí tí wọ́n hun ẹnu ọwọ́ ẹ̀ bí ẹnu ìbọ̀sẹ̀ ló máa ń dúró sójú kan. Èyí tí wọ́n kàn fi rọ́bà sí náà dáa díẹ̀, àmọ́ ọwọ́ gbọrọ tí wọ́n kàn gé sílẹ̀, àpò ìyẹ̀fun ni. Má ra alápò àyà o, bírò ọmọ iṣẹ́ wa kan ti bọ́ sínú míkísà rí, gbogbo bááṣì yẹn la dà nù.

Ìdòwú Gáà Akanbí:
Ẹ ò tíì sọ ti híjáàbù. Súpáfáísọ̀ wa ní ká bọ́ ọ, pé kò bá kóòtù mu. A kọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ẹ̀ dìjà.

Ṣíṣé ló dáa:
Mùsùlùmí lèmi náà, àmọ́ ohun tó ti gba eruku Ọjà Ọba wá kò yẹ kó wọ ibi oògùn.

Ìdòwú Gáà Akanbí:
Ta ló ní ká wọ ti ọjà wọlé? Kí wọ́n fún wa ní tiwọn, kúkúrú, aṣọ tí kì í tú irun, ká pààrọ̀ ẹ̀ níbẹ̀ bí a ṣe ń pààrọ̀ bàtà. A ó wọ̀ ọ́ sábẹ́ kóòtù ọlọ́rùn gíga, a ó ti bọ́tìnì dé ọ̀fun, a ó wá dé fìlà ìbora lé e. Ohun tá a padà ṣe nìyẹn, wọ́n yẹ̀ wá wò, wọn ò rí àléébù kankan.

Alhaja QC:
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣáà ra sáìsì ńlá o, torí kóòtù tó fún mọ́ obìnrin láyà, bọ́tìnì ẹ̀ á máa já.

Bọ̀dá Ọ̀fà:
Ìbéèrè kan ni mo ní. Ṣé iná wà nítòsí?

Ọmọ Àfọ̀njá:
Nílé tábúlẹ́ẹ̀tì, rárá. Fìtílà sípíríìtì wà ní lábù.

Bọ̀dá Ọ̀fà:
Má gbé e dé lábù yẹn o. Ike ni kóòtù yìí, ooru bíi 160°C ti tó láti yọ́ ọ, ti Tyvek tiẹ̀ kéré sí i. Lábù tí a ti ń yẹ kòkòrò àìfojúrí wò ni mo wà, ọmọbìnrin kan nawọ́ kọjá orí fìtílà, òwú ì bá jó, ká pa á. Eléyìí sún kì, ó yọ́, ó lẹ̀ mọ́ ọn lára. Àpá yẹn ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀ dòní, ó gùn tó ìka. Tó bá wá di ìgbà ọyẹ́, ẹ mọ bí ọyẹ́ Ìlọrin ṣe ń gbẹ, tẹ́ ẹ bá fẹ́ bọ́ kóòtù yẹn ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń ta iná pàrà, pàrà. Sípíríìtì àti iná ìyẹn ò gbọdọ̀ pàdé. Ìyẹ̀fun náà á máa lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ẹ bèèrè èyí tí wọ́n fi oògùn sí kó má máa ta iná, kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé oògùn yẹn gan-an kì í ṣiṣẹ́ dáadáa tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ jù.

Nọ́ọ̀sì Ìgbómìnà:
Tó bá jẹ́ oògùn jẹjẹrẹ lẹ fẹ́ pò, kóòtù kọ́ rárá. Aṣọ tí iwájú ẹ̀ dí pátá, tí a ń so lẹ́yìn, tí omi ò lè gbà kọjá. A máa ń bọ́ ọ lẹ́yìn wákàtí 2 sí 3 tí ẹni tó ṣe é ò bá sọ iye tó lè fara dà, lójú ẹsẹ̀ sì ni tí nǹkan bá ta sí i.

Àgbẹ̀ Ìlálẹ̀:
Ẹ̀yin, ẹ má jó àwọn tẹ́ ẹ bọ́ o. Àbúrò mi tó ń gbálẹ̀ nílé iṣẹ́ kan ń kó o wá fún mi, mo fi ń fọ́n oògùn koríko nínú oko kajú.

Apòògùn Òmù-Àrán:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ ẹ̀ dúró. Oògùn tó wà lára ẹ̀ ń lọ sára yín, omi oògùn koríko sì ń gba inú èyí tó fẹ́lẹ́ yẹn kọjá bí omi ṣe ń gba inú apẹ̀rẹ̀.

Àgbẹ̀ Ìlálẹ̀:
Ó máa ń tutù sí mi lára lóòótọ́. Òógùn ni mo pè é.

Apòògùn Òmù-Àrán:
Kì í ṣe òógùn nìkan, ẹ̀gbọ́n. Ẹ sọ fún àbúrò náà kó má fọwọ́ lásán kó o mọ́.

Ọmọ Àfọ̀njá:
Mo ti kà gbogbo ẹ̀. Mo nawọ́ sókè pẹ̀lú 25 gsm yẹn níwájú àkáǹtáǹtì, abẹ́ apá ẹ̀ ya lójú ẹ̀, kò sọ̀rọ̀ mọ́. SMS ọlọ́wọ́ ìbọ̀sẹ̀ la mú, kò ní àpò, ọlọ́rùn gíga. Lábù á máa wọ òwú, ilé iṣẹ́ ni yóò sì máa fọ̀ ọ́, ìyẹn ni mo kọ sínú lẹ́tà. Ìyá Ìbejì, Táyé ńkọ́?

Ìyá Ìbejì Tankẹ:
Ó ti wọ JSS 2. Mo fi bírò pupa kọ ọ́ síwájú káàdì ọsibítù ẹ̀, mo kọ ọ́ sẹ́yìn àìdíì káàdì iléèwé ẹ̀, mo sì kọ́ Kẹ́hìndé pé ibi yòówù kí wọ́n ti fẹ́ fún un lábẹ́rẹ́, kó kọ́kọ́ pariwo pẹnisílíìnì.