MGB tàbí Benz V-boot? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Lísàbí:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Orí mi ti gbóná. MGB kan wà ní Ìbarà, mọ́tò kékeré àwọn Gẹ̀ẹ́sì, oníjòkòó méjì, òrùlé rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn, ọ̀dà pupa ara rẹ̀ ń dán yinrin. V-boot E320 dúdú kan náà wà ní Òkè Ìlewó, ìjókòó awọ, éésì ń tutù. Owó wọn ò jìnnà síra. Ìyàwó mi ní òun ò ní wọ “mọ́tò ọmọdé” dé Kútọ̀. Mẹkáníìkì mi ò tilẹ̀ fẹ́ wo MGB yẹn, ó ní kò ní páàtì. Oní-Benz ń pè mí láràárọ̀ bí ẹni tí mo jẹ lówó. Èwo ni kí n rà?

Ará Lafẹ́nwá:
Ẹ sọ ọ̀dà, ẹ sọ ìyàwó, ẹ ò sọ ọdún. V-boot tí wọ́n bá kọ E320 sí lẹ́yìn, 1993 sí 1995 ló máa bọ́ sí. Wáyà ẹ́ńjìnnì ni àìsàn tirẹ̀. Ooru ló ń gbẹ rọ́bà tí wọ́n fi bò ó. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ rọra tẹ wáyà kan: tí ara rẹ̀ bá ń ṣí bí èèpo ẹ̀pà, wáyà á máa kan ara wọn, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n lójú kan, kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì lè jó. Odidi wáyà lẹ máa pààrọ̀. Téèpù ò ràn án.

Ìyá Àdátán:
Kí ló ń rò? Benz ni. Wo gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì náà, ọ́ìlì máa ń jò nígun ẹ̀yìn.

Bàbá Káábúrétọ̀:
Irọ́ ni pé MGB ò ní páàtì. Wọ́n ṣì ń ṣe tuntun rẹ̀ ní Ìlú Ọba, ó kàn gba kéèyàn bèèrè. Káábúrétọ̀ SU méjì ló ń fún un ní epo, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tún ò ní í wá a tì. Irin abẹ́ ilẹ̀kùn ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò, òun ló gbé gbogbo ara ọkọ̀ dúró.

Ọmọ Lísàbí:
Ọ̀dà rẹ̀ tuntun ni, bàbá. Kò lè ti dípẹtà.

Bàbá Káábúrétọ̀:
Ọ̀dà tuntun gan-an ló yẹ kó dẹ́rù bà yín! Ẹ fi jáàkì gbé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kẹ́ ẹ ṣí ilẹ̀kùn. Tó bá há, irin ti jẹrà nínú.

Ìyá Àdátán:
Mo ní Benz ni!

Ọmọ Lísàbí:
Mo ti gbé e. Ilẹ̀kùn ọ̀tún há títí a fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Àmọ́ 1965 ni, irú rẹ̀ ò wọ́pọ̀. Sítíárìn rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ṣágámù ni mo sì ń lọ ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́.

Ará Lafẹ́nwá:
Háà! Ìyẹn lẹ fi pa mọ́? Láti April 2, 1972 la ti ń wakọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún ọ̀nà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ya tírélà sílẹ̀, ìdajì ọkọ̀ yín á ti bọ́ sójú ọ̀nà ẹni tó ń bọ̀ kẹ́ ẹ tó rí i.

Bàbá Káábúrétọ̀:
Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Irin yẹn ṣeé gé, ó ṣeé jó tuntun mọ́ ọn, bí wọ́n bá kọ́kọ́ fi irin há ẹnu ilẹ̀kùn kí ara ọkọ̀ má baà tẹ̀. Ti Ṣágámù ojoojúmọ́ ni mi ò lè fọwọ́ sí.

Ọmọ Lísàbí:
Mo ti san àsansílẹ̀ MGB.

Ará Lafẹ́nwá:
Ẹ mú ẹni tó tà á lọ síbẹ̀ lọ́la. Ẹ gbé jáàkì sí i lójú rẹ̀, kó fọwọ́ ara rẹ̀ fa ilẹ̀kùn yẹn, kẹ́ ẹ tó bèèrè owó yín.