Olùdíje mẹ́ta, kò sì sí èyí tí èrò wa ṣe déédéé nínú wọn: báwo ni kí n ṣe dìbò?

Àkànkẹ́ béèrè pé:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, mo kí gbogbo yín. Òfin ẹgbẹ́ wa kò gbà kí ẹnikẹ́ni polongo fún olóṣèlú níbí, nítorí náà n kò ní dárúkọ ìpínlẹ̀ mi, ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí olùdíje kankan. Ìmọ̀ràn lórí bí ènìyàn ṣe ń ṣe ìpinnu ni mo ń wá. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni bá mi ṣe é.

Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba ni mí. Ìdìbò gómìnà ń bọ̀ ní ìpínlẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló sì ká mi lára. Àkọ́kọ́ ni owó oṣù àti owó ìfẹ̀yìntì, nítorí pé màmá mi tí òun náà ṣe iṣẹ́ olùkọ́ títí tó fi fẹ̀yìntì ṣì ń retí owó àjẹmọ́nú rẹ̀ títí di òní. Èkejì ni ìjọba ìbílẹ̀: mo fẹ́ kí owó wọn máa dé ọ̀dọ̀ wọn tààrà, gẹ́gẹ́ bí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ṣe dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, kí ọ̀nà oko wa lè rí àtúnṣe. Ẹ̀kẹta ni ààbò àwọn àgbẹ̀.

Olùdíje kan ní ètò tó yéni yékéyéké lórí owó ìfẹ̀yìntì, ó tilẹ̀ sọ iye tí yóò máa yà sọ́tọ̀ lóṣooṣù, ṣùgbọ́n ó sọ ní gbangba pé òun kò ní gbà kí alága ìjọba ìbílẹ̀ kankan dá ṣèjọba. Ẹnì kejì fara mọ́ òmìnira ìjọba ìbílẹ̀, ó sì mọ ọ̀rọ̀ ààbò dunjú, àmọ́ ó ní òun yóò dín iye àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kù, àwa olùkọ́ ló sì kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹnì kẹta, tó wá láti inú ẹgbẹ́ kékeré kan, ló ń sọ gbogbo ohun tí mo fẹ́ gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rò pé ó lè wọlé. Ọkọ mi ní kí n jókòó sílé mi lọ́jọ́ náà, kí n má da ara mi láàmú. Mo gbọ́ tirẹ̀, síbẹ̀ ọkàn mi kò balẹ̀ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ẹ̀yin ṣe ń ṣe é?

Àjàní dáhùn pé:

Àǹtí Àkànkẹ́, èmi gbà pẹ̀lú ọkọ yín ju bí ẹ ṣe rò lọ. Nígbà ìdìbò ààrẹ ọdún 2023, àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé olùdìbò lé ní mílíọ̀nù 93, ṣùgbọ́n àwọn tó jáde lọ ṣe àyẹ̀wò lójú ẹ̀rọ BVAS, ẹ̀rọ tó ń fi ìka tàbí ojú dá olùdìbò mọ̀, kò tó mílíọ̀nù 26. N kò gbà pé ọ̀lẹ ni gbogbo àwọn tó kù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wo àwọn tó ń díje, wọn kò sì rí ẹni tí wọ́n lè gbé ẹ̀rí ọkàn wọn lé lọ́wọ́. Tí ẹ kò bá fẹ́ jókòó sílé, ẹ lọ síbẹ̀, kí ẹ tẹ ìka sí ibi púpọ̀ lórí ìwé ìdìbò, kí ẹ jù ú sínú àpótí. Ẹ ti sọ pé ẹ kò fẹ́ ìkankan nínú wọn nìyẹn.

Àbẹ̀kẹ́ dáhùn pé:

Àjàní, mo bọ̀wọ̀ fún èrò yín, ṣùgbọ́n mo ti ṣe òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ fún àjọ INEC ní ibùdó ìdìbò, mo sì fẹ́ sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí irú ìwé ìdìbò bẹ́ẹ̀. Tí a bá da àpótí sílẹ̀ láti ka ìbò, a máa ń to ìwé jọ ní ẹgbẹ́ òṣèlú kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọn kò tẹ ohunkóhun sí, èyí tí wọ́n tẹ ìka sí ibi méjì, àti èyí tí ìyá arúgbó kan tẹ̀ dáadáa ṣùgbọ́n tó ká a lódì tí yíǹkì fi ràn mọ́ àmì ẹgbẹ́ mìíràn, tí a kò lè mọ ẹni tó dìbò fún mọ́, ibì kan náà ni gbogbo wọn ń lọ. Ẹyọ iye kan ṣoṣo la ó kọ sínú fọ́ọ̀mù fún wọn, kò sì sí àyè tí a ti ń kọ ìdí rẹ̀. Ìbò tí wọ́n fagi lé ní ìdìbò ààrẹ ọdún 2023 lé ní 900,000, kò sì sí ọmọ ènìyàn tó lè yọ ti ẹni tó ń bínú kúrò lára ti ẹni tó ṣèèṣì. Ẹ̀hónú tí olùgbọ́ kò lè dá mọ̀ yàtọ̀ sí àṣìṣe kò lè kó ìtìjú bá olóṣèlú kankan.

Ní Íńdíà, láti ọdún 2013, àyè kan wà lórí ẹ̀rọ ìdìbò fún ẹni tí kò fẹ́ ìkankan nínú àwọn olùdíje. A kò ní irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, òfin wa kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni díje láìsí ẹgbẹ́ òṣèlú lẹ́yìn rẹ̀. Àyè tó wà nílẹ̀ náà la ní.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ́ àwọn ìyá wa bí a ṣe ń ká ìwé ìdìbò lóòró, kí yíǹkì má baà ràn. Ọ̀pọ̀ ìbò ló ń ti ibẹ̀ yẹn sọnù.

Bàbá Àlàmú dáhùn pé:

Ẹ̀yin ọmọ mi, Ọ̀ṣun ni mò ń gbé, ojú mi ni ìdìbò gómìnà ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018 ṣe. Adeleke ti ẹgbẹ́ PDP ní ìbò 254,698, Oyetola ti ẹgbẹ́ APC ní 254,345. Ìbò 353 péré ló wà láàárín wọn. Ìbò tí wọ́n fagi lé káàkiri ìpínlẹ̀ náà pọ̀ ju 353 lọ fíìfíì. Àjọ INEC ní ìdìbò náà kò tíì parí, wọ́n sì tún un dì ní ibùdó méje ní ọjọ́ 27 oṣù náà. Nígbà tí wọ́n kà á tán, Oyetola ló wọlé pẹ̀lú ìbò 482. Ẹjọ́ rẹ̀ dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ kó tó parí ní oṣù Keje ọdún 2019. Ẹ wo àwọn tó jókòó sílé ní àdúgbò kan ṣoṣo ní Òṣogbo lọ́jọ́ yẹn: wọ́n tó yí gbogbo rẹ̀ padà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ olùdíje kẹta yín, Àkànkẹ́, ni mo fẹ́ kí ẹ fi ti ọdún náà yẹ̀ wò dáadáa. Omiṣore díje lábẹ́ ẹgbẹ́ SDP, ó sì gba ìbò tó lé ní 128,000. Kò wọlé, àmọ́ nígbà tó di pé ibùdó méje ni yóò pinnu, tí Ifẹ̀ sì wà lára ibi tí àwọn ibùdó náà wà, ńṣe ni àwọn àgbà òṣèlú láti ẹgbẹ́ méjèèjì ń wọ́ lọ sí ilé rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́. Ẹgbẹ́ APC ló wá bá lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ pé ìbò tí a dì fún ẹgbẹ́ kékeré ti ṣòfò, irọ́ ni. Ó lágbára. Ohun tó yẹ kí a béèrè ni ọwọ́ ẹni tí agbára náà bọ́ sí. Olùdíje ló jókòó nídìí àdéhùn náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dìbò fún un ni kò mọ ohun tí wọ́n bá a sọ, wọn kì bá sì yan ibi tó lọ ká ní wọ́n bi wọ́n léèrè. Bí ẹ bá fẹ́ dìbò fún ẹnì kẹta yìí, ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tí yóò bá ṣe bí kò bá wọlé. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò sì fẹ́ sọ, ẹ ti gbọ́ èsì.

Ọmọ Kétu dáhùn pé:

Mo kí yín láti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ọ̀rọ̀ tiwa le ju ti Àǹtí lọ ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 2019, nítorí pé ẹgbẹ́ méjì péré ni wọ́n gbà láàyè láti díje sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ti Ààrẹ Talon sì ni àwọn méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ̀ láti jáde. Nǹkan bí 27 nínú 100 olùdìbò ló dìbò, inú wa sì dùn pé ayé ti rí i. Síbẹ̀, gbogbo àga 83 tó wà nílé ìgbìmọ̀ náà ni wọ́n rí ẹni jókòó lé. Àwọn aṣòfin yẹn ló tún òfin orílẹ̀-èdè ṣe lọ́dún náà, tí wọ́n fi òfin sílẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ díje sí ipò ààrẹ gbọ́dọ̀ gba ìbuwọ́lù àwọn aṣòfin tàbí máyọ̀ ìlú, àwọn tó kàn jẹ́ tiwọn fúnra wọn. Ìyẹn ló pinnu ẹni tó lè díje ní ọdún 2021. N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi pé ó jókòó sílé nígbà náà, torí kò sí ẹni tí a lè yàn lóòótọ́. Àmọ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2023 tí wọ́n gba ẹgbẹ́ alátakò Les Démocrates láàyè, a jáde, wọ́n sì rí àga 28 gbà nínú 109. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ohùn wà nínú ilé náà nígbà náà. Ẹ̀yin ní mẹ́ta. Ẹ má ṣe jókòó sílé.

Agbẹjọ́rò dáhùn pé:

Àkànkẹ́, ẹ ti fi àwọn olùdíje yín sórí ohun mẹ́ta, ẹ sì ń ka ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ọgbọọgba. Èmi yóò gbà yín níyànjú pé kí ẹ kọ́kọ́ béèrè pé èwo nínú wọn gan-an ni ó wà ní ìkáwọ́ gómìnà, torí ẹni tó ń ṣèlérí ohun tí kò sí ní agbára ipò rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ẹni tí kò ṣèlérí rẹ̀ rárá.

Owó oṣù àti owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ wà lọ́wọ́ gómìnà tààrà. Òun ló ń gbé ètò ìnáwó lọ síwájú ilé ìgbìmọ̀, òun ló sì ń pinnu ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ san tí owó bá dé. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ẹnì kejì fẹ́ dín kù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ààbò kò rí bẹ́ẹ̀: ìjọba àpapọ̀ ló ni ọlọ́pàá, ohun tí gómìnà sì lè ṣe kò ju pé kí ó ti irú Àmọ̀tẹ́kùn tí àwọn gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù dá sílẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2020 lẹ́yìn. Ní ti ìjọba ìbílẹ̀, ìdájọ́ ti wà nílẹ̀ láti ilé ẹjọ́ tí kò sí èyí tó ga jù ú lọ. Gómìnà tí kò fẹ́ ẹ lè fà á sẹ́yìn, ó sì lè fi òfin ìpínlẹ̀ dí i lọ́nà bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bá gbà fún un, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí wọ́n lè bá a fà á: ilé ẹjọ́, ìjọba àpapọ̀, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, àti ẹni tí ẹ bá rán lọ sí ilé ìgbìmọ̀. Fún ìdí èyí, ẹ lè fi ìbò gómìnà lépa ohun kan, kí ẹ sì fi ìbò ilé ìgbìmọ̀ lépa òmíràn. Kò sí òfin tó ní ẹgbẹ́ kan náà ni kí ẹ tẹ ìka sí ní gbogbo ìgbà.

Ohun kejì ni pé òfin gbà kí a pe aṣòfin padà sílé bí ó bá já wa kulẹ̀. Ó gba pé kí àwọn tó buwọ́ lu ìwé ẹ̀sùn ju ìdajì gbogbo olùdìbò tó forúkọ sílẹ̀ ní agbègbè náà lọ, lẹ́yìn náà kí wọ́n dìbò lórí rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni. A kò ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lórí gómìnà, àyàfi kí ilé ìgbìmọ̀ yọ ọ́. Ọdún mẹ́rin ni ẹ ó fi gbà á, nítorí náà ohun tí kò ní ṣeé tún ṣe lẹ́yìn ọdún mẹ́rin ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ọ̀nà tí wọn kò ṣe lónìí, ẹlòmíràn lè ṣe é lọ́la. Màmá yín tó ń retí àjẹmọ́nú ní ọjọ́ ogbó rẹ̀ kò ní àkókò tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo igbákejì olùdíje kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú. Àwọn méjèèjì lẹ jọ ń dìbò fún. Nígbà tí Gómìnà Akeredolu ti ìpínlẹ̀ Oǹdó kú ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 2023, igbákejì rẹ̀, Aiyedatiwa, ni wọ́n búra fún lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í béèrè ohunkóhun nípa igbákejì.

Àjàní tún sọ pé:

Mo gbọ́ ohun tí Àbẹ̀kẹ́ sọ nípa kíka ìbò, n kò sì ní àríwísí sí i. Ohun tó kù tí kò yé mi ni pé, Agbẹjọ́rò, gbogbo ìwọ̀n yín dúró lórí ìlérí. Tí ẹni àkọ́kọ́ bá débẹ̀ tí kò san kọ́bọ̀ ńkọ́?

Ìyá Ẹlẹ́ja dáhùn pé:

Àjàní, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí Àkànkẹ́ dá nìkan lọ. Ẹnì kan kì í lè di olóṣèlú mú. Lọ́jọ́ ìdìbò, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ máa ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ń pe àwa ọlọ́jà lọ́kọ̀ọ̀kan pé ká dìbò ká sebẹ̀, torí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó dá dúró ni owó díẹ̀ lè rà. Ní ọjà tiwa, a pinnu pé kò sí ẹni tí yóò gba owó náà, a sì jọ lọ bá àwọn tó ń díje sí ipò kánsẹ́lọ̀ kí ìdìbò tó dé, ìbéèrè kan náà la sì bi gbogbo wọn, lórí omi ọjà. Ẹni tó wọlé kò ṣe gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ pé a kò sọ ọ́ fún òun, torí ojú ogún ènìyàn ló ti dáhùn. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ wà, ẹgbẹ́ àwọn afẹ̀yìntì náà wà. Kí màmá Àkànkẹ́ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ bá olùdíje àkọ́kọ́ kí wọ́n bi í pé ibo ni owó tó ń sọ yóò ti jáde. Kí àwọn olùkọ́ lọ bá ẹnì kejì kí ó sọ iye àwọn tí yóò dá dúró.

Ẹ tún wádìí ibi tí kálukú wọn ti ṣiṣẹ́ rí. Ẹni tó ti gba ènìyàn síṣẹ́ rí, bóyá ó sanwó fún wọn lásìkò kì í ṣe àṣírí.

Àkànkẹ́ tún kọ̀wé pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, pàápàá Bàbá Àlàmú àti Agbẹjọ́rò. N kò ní jókòó sílé, n kò sì ní ba ìwé ìdìbò mi jẹ́. Màmá mi ti bá alága àwọn afẹ̀yìntì ìlú wa sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti gbà láti kọ lẹ́tà sí àwọn olùdíje mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. N kò tíì mọ ẹni tí n ó dìbò fún láàárín àkọ́kọ́ àti èkejì. Bí ẹnì kejì bá lè sọ ní gbangba pé òun kò ní dín olùkọ́ kù, òun ni n ó tẹ̀ka fún. Bí kò bá lè sọ ọ́, n ó dìbò fún ẹni àkọ́kọ́, n ó sì dojú kọ ọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ láti ọjọ́ tó bá ti wọlé. Ọkọ mi ka gbogbo ìdáhùn yín, ó ní òun yóò lọ wo bóyá káàdì ìdìbò òun ṣì wà níbi tí òun tọ́jú rẹ̀ sí. Ìbéèrè kan ló kù: níbo ni mo ti lè rí ìwé ẹ̀rí àti ìtàn iṣẹ́ àwọn olùdíje wọ̀nyí, yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń gbé kiri nígbà ìpolongo?

Àbẹ̀kẹ́ dáhùn pé:

Olùdíje kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kún fọ́ọ̀mù EC9 fún àjọ INEC pẹ̀lú ìbúra, ibẹ̀ sì ni ìwé ẹ̀rí wọn wà. Òfin ní kí INEC gbé e jáde ní agbègbè tí wọ́n ti ń díje, kí gbogbo ènìyàn lè kà á. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì INEC, kí ẹ sọ pé fọ́ọ̀mù EC9 ni ẹ fẹ́ wò. Ẹ tètè lọ o, kí àyè lè wà láti wádìí ohun tí ẹ bá kà níbẹ̀.