Shortlet (ilé tí wọ́n ń háyà fún ọjọ́ mélòó kan) l'Ékòó: ṣé ọwọ́ ajẹ́ńsì ni kéèyàn ti gbà á ni àbí ọwọ́ onílé fúnra ẹ̀?

Ìyá Ìbejì Peckham: Ẹ kú ilé o. December yìí, èmi àti dádì àwọn ìbejì ń bọ̀ wálé, ọ̀sẹ̀ méjì la fẹ́ lò ní Lẹ́kí. A ò fẹ́ lọ há mọ́ ẹ̀gbọ́n wọn nínú rúùmù méjì tí wọ́n ń gbé ní Mushin. Ajẹ́ńsì kan fi ilé kan hàn wá, obìnrin kan náà tún wà tó jẹ́ pé fúláàtì tiẹ̀ ló fi ń ṣe é, òun fúnra ẹ̀ ló ń dá wa lóhùn lórí WhatsApp. Owó wọn ò jìnnà síra. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbà á rí, kí lojú yín rí?

Ọmọ Ìkòròdú: Onílé. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àdùkẹ́ Houston: Onílé ni o! Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. December ọdún kẹta sẹ́yìn, ọwọ́ ajẹ́ńsì ni mo ti gbà á, mo ti san owó ọjọ́ mẹ́wàá pé kí n tó wọ bàálù, mo tún san 100,000 náírà owó kọ́ṣọ̀n, èyí tí wọ́n máa ń dá padà tí nǹkan kan ò bá bà jẹ́. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ la balẹ̀ n'Íkẹjà, ká tó gbẹrù, ká tó já Third Mainland, ká tó dé Ìkátẹ̀, ó ti di aago méjìlá. Síkiọ́rítì ní kóòdù tí mo mú wá ò ṣí gééti, pé àwọn kan ti wà nínú ilé yẹn láti àná. Mo pe ajẹ́ńsì, "mò ń bọ̀ ma", mo tún pè é, "mo ti wà lójú ọ̀nà ma", títí fóònù ẹ̀ fi kú. Ọmọ mi ọdún márùn-ún sùn sórí àpótí lẹ́nu gééti, pásípọ́ọ̀tì ni mo fi ń lé ẹ̀fọn fún un. Aago méjì kọjá kí wọ́n tó wá kó wa lọ sí ilé míì ní Ajah, ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún ò tíì gbẹ. Nígbà tá a fẹ́ lọ, wọ́n yọ 40,000 nínú owó kọ́ṣọ̀n, wọ́n ní a da nǹkan sórí àga. Àbàwọ́n yẹn ti wà níbẹ̀ ká tó dé!

Bọ̀dá Surulere: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, àǹtí Àdùkẹ́. Ọmọ yẹn ló dùn mí jù. Èmi náà onílé ni mí, rúùmù méjì ni mo ní ní Surulere tí mò ń fi ṣe é láti bí ọdún mẹ́rin. Ohun tẹ́yin àlejò kì í rí ni pé ọ̀pọ̀ ajẹ́ńsì ò nílé, ilé onílé ni wọ́n ń polówó. Ilé kan ṣoṣo lè wà lọ́wọ́ ajẹ́ńsì mẹ́ta, kálukú ń gbowó lọ́wọ́ àlejò tiẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ ló nilé. Ọ̀rọ̀ iná tún wà níbẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti fowó kún iná Band A (ti àdúgbò tó yẹ kó máa rí iná fún ogún wákàtí ó kéré tán lójúmọ́) ní April 2024, yúnìtì kan ti lé ní 200 náírà. Ẹ bi wọ́n dáadáa, ta ló ń ra iná sí mítà?

Tìtí Bódìjà: Bọ̀dá, ẹ má bínú o, ojú mi rí màbo lọ́wọ́ onílé náà. N'Íbàdàn níbí ni, ìgbéyàwó àbúrò mi, àwa mẹ́fà gba ilé lọ́wọ́ ìyá kan. Kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ ìyá. Mò ń wẹ̀ lọ́wọ́ ni mo gbọ́ tí ọmọrí ìkòkò dún, mo ró táwẹ̀lì jáde, ìyá ni mo bá ní kíṣìnnì tó ń yẹ ọbẹ̀ wa wò. Ó ní "ẹ̀yin ọmọ yìí, irú lẹ fi sebẹ̀, ó ti wọnú kọ́tíìnì mi." Ajẹ́ńsì ò ráyè ìyẹn.

Ọmọ Ìkòròdú: Irú kẹ̀? N'Íbàdàn??

Fúnkẹ́ Abúlé Ẹ̀gbá: Ìyá yẹn ò jẹ̀bi o. Èmi ni mò ń bá àwọn oníshortlet fọ aṣọ. Irú wooro ṣì sàn, irú pẹ̀tẹ̀ yẹn, ẹ fọ kọ́tíìnì lẹ́ẹ̀mẹta kò ní lọ.

Tìtí Bódìjà: Àǹtí Fúnkẹ́, ṣé ká wá máa jẹ búrẹ́dì fún ọjọ́ mẹ́rin nítorí kọ́tíìnì ni? Kí wọ́n sọ ọ́ ká tó sanwó.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Manchester: Lásìkò Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, gbogbo regberegbe, àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́ orí kan náà, á ti dé, òtẹ́ẹ̀lì á ti kún n'Íjẹ̀bú-Òde. Ọwọ́ màmá àgbàlagbà kan la ti gba rúùmù. Kò sí ẹ́sì, omi kànga là ń pọn. Àmọ́ ní ìdájí màmá ti gbé omi gbígbóná sẹ́nu ọ̀nà, ó wo agbádá mi, ó ní "o ò ní wọ èyí jáde nílé mi", ó gbà á, ó tún un lọ̀. Nígbà tá a dé, ìkọ́kọrẹ́ ti wà nílẹ̀. Mo ṣì ń pè wọ́n títí dòní.

Ayọ̀ Oǹdó: Ìfọ́kọrẹ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Manchester: Ìkọ́kọrẹ́ ni o jàre.

Dèjì New York: Ìjọba ti dá sí i níbí ní tiwa. Láti September 2023, tí ò bá ti pé ọgbọ̀n ọjọ́, onílé gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, kó sì wà nínú ilé pẹ̀lú àlejò, àlejò ò sì gbọ́dọ̀ ju méjì lọ.

Ìyá Ìbejì Peckham: Ní London tiwa, 90 ọjọ́ péré ni wọ́n gbà kéèyàn fi odidi ilé ẹ̀ ṣe é lọ́dún, àfi tí káńsù bá fọwọ́ sí i. Àdùkẹ́, ṣé wọ́n padà dá 40,000 yẹn fún yín?

Àdùkẹ́ Houston: February ni wọ́n tó dá 20,000 padà, torí mo ya fídíò gbogbo ilé lọ́jọ́ tá a wọlé. Ẹ ya tiyín o, kẹ́ ẹ tó sọ àpótí kalẹ̀.

Bọ̀dá Surulere: Ìyá Ìbejì, tí omi ò bá yọ láàárín òru, ta ni obìnrin yẹn ní kẹ́ ẹ pè?

Ìyá Ìbejì Peckham: Mo ti bi í. Ó ní àbúrò òun ló ń gbé ìsàlẹ̀, ó ti fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀, mo pè é, ó gbé e. Ó ṣe mí bíi pé ọwọ́ ẹ̀ la máa gbà á.

Ọmọ Ìkòròdú: Ẹ ti bi í nípa irú?

Ìyá Ìbejì Peckham: Rárá o. Ẹ jẹ́ n tún pè é.