Ìrántí tó ń gbàgbé: lórí orúkọ àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, mo kí yín láti Àkúrẹ́.

Mo ti ka àkójọ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ láti Oǹdó, èyí tí wọ́n fi sọ àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà lórúkọ: àwọn ẹ̀yà tí èèyàn ń yàn lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì ń tò pọ̀ di ẹ̀rọ orí tábìlì tó lè ṣiṣẹ́ ńlá. Fún ẹni tí kò tíì rí i, "ọpọlọ" ni wọ́n pe purósẹ́sọ̀, wọ́n pe ráàmù ní "ìrántí", wọ́n pe ibi tí fáìlì ń gbé ní "ìrántí líle", màdàbọ́ọ̀dù di "pátákó ìyá", pawa-sọ́pìláì sì di "orísun iná". Iṣẹ́ ribiribi ni, mo sì dúpẹ́. Mi ò ní àríyànjiyàn kankan lórí ọpọlọ, àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ti ń pè é bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Àwọn yòókù ni mo fẹ́ kí a tún yẹ̀ wò, torí pé owó gidi ni èèyàn fi ń ra nǹkan wọ̀nyí. Ẹni tí orúkọ bá ṣì lọ́nà, àpò rẹ̀ ló máa sọ fún un.

Ìrántí ló ká mi lára jù. Ọmọ yunifásítì FUTA kan tó ń kọ́ nípa yíya àwòrán ilé mú ìwé ìrajà wọ ìsọ̀ kan ní òpópónà Ọba Adésídà, mo wà níbẹ̀. Bí àkójọ ẹ̀gbọ́n wa ṣe wí ló ṣe kọ ọ́: "ìrántí 32, ìrántí líle 1000," gigabáìtì ni wọ́n fi ń wọn méjèèjì. Ọmọkùnrin tó ń tajà wo ìwé náà títí, ó wá kó nǹkan méjì sórí gíláàsì. Ọ̀kan gùn tó mìlímítà 133, eyín aláwọ̀ wúrà tò sí ìdí rẹ̀, wọ́n sì gé ojú kékeré kan sáàárín eyín yẹn. Èkejì ò ju mìlímítà 22 lọ ní fífẹ̀, 80 ní gígùn. Ó ní, "Bọ̀dá, èwo nínú méjèèjì ló ń rántí?"

Ẹ dákun, ẹ gbé ìbéèrè yẹn yẹ̀ wò dáadáa. Èyí gígùn, ráàmù tí a pè ní ìrántí gan-an, ni kì í rántí nǹkan. Bí iná bá lọ pẹ́nrẹ́n, gbogbo ohun tó wà nínú ráàmù ti pòórá. Èyí kékeré tó ń jẹ́ SSD ló ń tọ́jú nǹkan. Ẹ yọ ọ́ lára ẹ̀rọ, ẹ gbé e dé Ọ̀wọ̀ kí ẹ tún gbé e padà, ohun tí ẹ kọ sí i ṣì wà níbẹ̀. Àwọn Òyìnbó náà ń pe ráàmù ní "memory", ó ti mọ́ wọn lára, kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan mọ́. Lọ́dọ̀ wa, ìrántí ni ohun tó ṣẹ́kù nígbà tí nǹkan ti lọ. Òun la fi ń ṣe ìrántí òkú. A ò lè gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ohun tí kò lè dúró kí iná ṣẹ́jú.

Àbá mi ni pé kí ráàmù máa jẹ́ àtẹ, kí ibi ìtọ́jú sì máa jẹ́ àká, bí ilé tí àgbẹ̀ ń kó irè oko pamọ́ sí. Ìyá tó ń ta tòmátì ní Ọjà Ọba kò lè ta èyí tó wà nílé, èyí tó wà lórí àtẹ nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àtẹ bá ṣe fẹ̀ tó ni ohun tó lè pa sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣe ń pọ̀ tó. Tí ilẹ̀ bá ṣú, ó palẹ̀ àtẹ mọ́, ọjà inú àká sì wà níbi tó wà. Iṣẹ́ tí ráàmù ń ṣe fún ọpọlọ nìyẹn gẹ́lẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ "àtẹ 32" àti "àká 1000" ti mọ ìdí tí ọ̀kan fi gbọ́dọ̀ pọ̀ ju èkejì lọ fíìfíì. Ó tún ti mọ ìdí tí ẹ̀rọ fi ń fà nígbà tí àtẹ bá kéré: ó ń sáré lọ sáré bọ̀ sí àká ni.

Àbúrò wa kan ti sọ pé àwọn ọmọ ìgboro ò mọ àká mọ́, pé "ibi ìpamọ́" ti tó. Mi ò gbà. Ọ̀rọ̀ tó rọrùn láti so mọ́ òmíràn la nílò, àká sì rọrùn láti so. Ẹ wo "líle" tí wọ́n lò yẹn. Díìsìkì àtijọ́ ní "hard" nínú orúkọ Òyìnbó rẹ̀, SSD ní "solid" nínú tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n bí a bá gbé wọn wọ Yorùbá, "líle" ni méjèèjì dà, ẹni tó ń rà á kò sì ní mọ èyí tí wọ́n dì fún un. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé àwo ń yí nínú díìsìkì àtijọ́, ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ orí tábìlì ń yí nígbà 7,200 ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tó jẹ́ pé kò sí ohun tó ń yí rárá nínú SSD. Àká ayípo, àká aláìyípo. Ó ti parí.

Lórí pátákó ìyá, mo fara mọ́ ìyá, bí wọ́n ṣe tò ó ni mi ò fara mọ́. Kò sẹ́ni tó ń pe dùndún àgbà ní "ìlù ìyá", ìyá ìlù là ń wí. Bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ pátákó ìyá, yóò rò pé pátákó tí ìyá ẹnìkan fi ń gé ẹ̀fọ́ ni. Ìyá pátákó ló yẹ. Àwọn kan ní ipò ìyá ò tọ́ sí i torí pé ọpọlọ ló ń pàṣẹ, bọ́ọ̀dù kàn tẹ́ sílẹ̀ ni. Ó jọ pé wọn ò tíì ra ẹ̀yà rí. Nígbà tí a bá ń yàn, ìyá pátákó ló ń sọ ẹni tó lè wọlé. Ẹ wo AM5, irú ìtẹ́ tí ọpọlọ ń jókòó sí lára bọ́ọ̀dù, tí AMD tó ń ṣe ọpọlọ gbé jáde ní 2022: àtẹ DDR5, ìran ráàmù tó tẹ̀ lé DDR4, nìkan ló ń gbà. AM4 tó ṣáájú rẹ̀, DDR4 ni tirẹ̀. LGA1700, ìtẹ́ ti Intel tí òun náà ń ṣe ọpọlọ, tó jáde ní 2021, ní bọ́ọ̀dù tó ń gba DDR4, ó sì ní èyí tó ń gba DDR5, àfi kí èèyàn ka ara páálí dáadáa kó tó sanwó. Eyín 288 ni DDR4 àti DDR5 ní, ṣùgbọ́n ojú tí wọ́n gé sáàárín eyín ò sí níbi kan náà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ títí kí àtàǹpàkò bó, kò ní wọlé. Ohun tí ìyá ìlù bá sọ ni omele ń gbè.

Wọ́n tún pe àwọn ọpọlọ kéékèèké tó wà nínú purósẹ́sọ̀ kan ní "kókó". Ó dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ta ló ń fi àmì ohùn sí pátákó iye owó? Ìpínlẹ̀ Oǹdó nìyí, níbi tí kòkó ti jẹ́ iṣẹ́ àtijẹ. Bí ará Ìdànrè bá rí "koko 8" lára ògiri, ohun mìíràn ló máa kà. A ti ní "olójú" nílẹ̀. A ń sọ pé gáàsì olójú méjì, ojú kọ̀ọ̀kan sì ń se ìkòkò tirẹ̀ lákòókò kan náà. Ẹ jẹ́ kí a máa sọ pé ọpọlọ olójú mẹ́jọ.

Orísun iná ni mo kà sí ewu jù lẹ́yìn ìrántí. Orísun odò ni ibi tí omi ti ń sun. Pawa-sọ́pìláì ò sun iná kankan, ṣe ló ń gba iná 230 fóltì láti ara ògiri, tó sọ ọ́ di 12, 5 àti 3.3, tó wá ń pín in fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Nílùú tí jẹnẹrétọ̀, sólà àti ínfátà ti wà nínú ilé, ẹni tó bá gbọ́ "orísun iná 850" lè gbà pé òun ti ra ohun tó máa gbé ẹ̀rọ náà dúró bí iná bá lọ, kò sì ní ra UPS, bátìrì tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn, mọ́. Apín-iná ni kí ó máa jẹ́. Iye wáàtì ara rẹ̀ ni èyí tó lè pín mọ, ohun tí wọ́n ní kó pín ló sì ń sọ bó ṣe yẹ kó tóbi tó. Káàdì àwòrán RTX 4090, ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, nìkan lè jẹ wáàtì 450, Nvidia tó ṣe é sì ní kí apín-iná rẹ̀ tó 850. RTX 4070 ń jẹ 200, ó lè lo 650. Ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ kékeré ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ro ìṣirò yìí kó tó yan káàdì.

Torí rẹ̀ ni mo ṣe ní kí a má ṣe sọ "kọ̀ǹpútà alágbára" tó wà nínú àkójọ náà. Wọ́n lo agbára fún yíyára, wọ́n tún lò ó fún wáàtì lójú ìwé kan náà, nígbà tó jẹ́ pé káàdì kan lè yára kó má jẹ iná tó òmíràn. Kí agbára dúró fún wáàtì, kí ẹ̀rọ náà máa jẹ́ kọ̀ǹpútà iṣẹ́ ńlá.

"Ọrùn ìgò" tí wọ́n fi túmọ̀ "bottleneck" Òyìnbó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́. Kò sí Yorùbá tó máa gbọ́ ọ kó mọ̀ pé ọpọlọ tó ń fà ló ń dá káàdì tó yára dúró. Adánidúró yé èèyàn lójú ẹsẹ̀. Káàdì àwòrán dára bó ṣe wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti ń fi ṣe ìṣirò tí kò kan àwòrán. "Ìpara" fún ohun tí wọ́n ń fi pa orí ọpọlọ kí ooru lè rí ọ̀nà jáde, mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ọ̀kan kù tí mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n wa bá mi dá sí. "Àtẹ 32" lè jẹ́ ọ̀pá kan ṣoṣo tó jẹ́ gigabáìtì 32, ó sì lè jẹ́ méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 16. Àpapọ̀ wọn ò yàtọ̀, ṣùgbọ́n lórí ọ̀pọ̀ ìyá pátákó, méjì ń jẹ́ kí ọpọlọ gba nǹkan lójú ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń yá ju ẹyọ kan lọ. Ó yẹ kí ìwé ìrajà lè sọ èyí ní kúkúrú. "Àtẹ 32, ẹyọ 2" ni mo kọ sí tèmi fún ìgbà yìí. Bí wọ́n bá ní ọ̀rọ̀ tó ju "ẹyọ" lọ, kí wọ́n fi ránṣẹ́ kí a tó tẹ àkójọ náà.