Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe gbogbo ìwé mẹ́rì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà tí a jọ ń wá orúkọ Yorùbá fún ìwé ìjọba. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a máa pe gbogbo ìwé tí aráàlú lè lọ béèrè ní mẹ́rì (ilé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ wa ní Benin) ní "àkọsílẹ̀ ìjọba". Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá dé mẹ́rì Kétu tó ní àkọsílẹ̀ ìjọba lòun ń wá, wọ́n á bi í pé èwo ni. Ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ orúkọ ọmọ tuntun sí kì í kúrò níbẹ̀. "Ìwé ìforúkọsílẹ̀" la ti ń pe ìyẹn, kò sí ìjà nídìí rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń yọ jáde nínú rẹ̀ ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Oríṣi méjì ni. Ọ̀kan da gbogbo ojú ewé kọ, títí kan ohun tí wọ́n fi kún etí ìwé lẹ́yìn náà: ìgbéyàwó, ìkọ̀sílẹ̀, àtúnṣe orúkọ. Èkejì mú kókó nìkan. Ẹni tó ń to ìwé ìgbéyàwó lè gbé èyí kékeré lọ kí wọ́n dá a padà, nítorí etí ìwé gan-an ni wọ́n fẹ́ wò. Mo fọwọ́ sí "ẹ̀dà kíkún" fún ti àkọ́kọ́. Fún èkejì, "àyọkà" ti di ti ọmọ iléèwé tó ń kàwé kó tó dáhùn ìbéèrè. "Àyọkúrò" burú jù ú lọ: bí ẹni pé wọ́n ti pa orúkọ ẹni rẹ́ ni. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di "àyọkọ": wọ́n yọ ọ́, wọ́n kọ ọ́.

"Ẹ̀dà òtítọ́" fún fọ́tòkópì tí wọ́n lu òǹtẹ̀ lé ń tan èèyàn jẹ. Òṣìṣẹ́ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúlówó, ó rí i pé wọ́n bára mu, ó lu òǹtẹ̀, ó parí. Bí wọ́n bá ṣi ọjọ́ ìbí kọ nínú ojúlówó, àṣìṣe náà wà nínú ẹ̀dà. "Ẹ̀dà olóòǹtẹ̀" ti tó, kí onítọ̀hún sì mú ojúlówó dání.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tí a kò tíì fọwọ́ kàn, ó sì ṣe pàtàkì lójú mi ju gbogbo ìyókù lọ: "orúkọ inú ìwé". Àkọtọ́ Faransé ni akọ̀wé fi kọ orúkọ wa. Adéṣínà wà níbẹ̀ bí Adéchina, Ògúnbíyìí bí Ogoubiyi. Ẹni tó bá fi àkọtọ́ Yorùbá nìkan béèrè, wọ́n lè wá a títí kí wọ́n ní kò sí. Ìwé ìbí ANIP (iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìdánimọ̀ aráàlú) tí a ń béèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà kò kúrò nínú èyí. Nítorí náà, ẹ kọ méjèèjì, kí ẹ fi orúkọ bàbá àti ìyá, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà ìwé bí ẹ̀dà àtijọ́ bá wà, àti àrọ́ńdísìmáà (ẹ̀ka kékeré lábẹ́ kọmúnù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀) tí wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ kún un. Kì í ṣe ibi tí ẹ ń gbé báyìí o. Bí ìwé àgbàlagbà bá sọ pé "né vers 1962", "ní nǹkan bí ọdún 1962" ni ká túmọ̀ rẹ̀ sí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi oṣù tàbí ọjọ́ kún un fúnra rẹ̀.

Fún ìwé ìnáwó kọmúnù àti ìpinnu ìgbìmọ̀, "àkọsílẹ̀ ìlú" ni mo fẹ́, torí òfin 2015-07 ti 20 Oṣù Kẹta 2015 fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ sí irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwé àtijọ́, ti ayé òyìnbó amúnisìn, ẹ lọ wá a ní ilé àkójọ ìwé orílẹ̀-èdè ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Bí a bá ń fi lẹ́tà béèrè ìwé, ẹ̀dà lẹ́tà náà méjì ni kí a mú lọ. Akọ̀wé gba ọ̀kan, ó lu òǹtẹ̀, ó sì kọ ọjọ́ sí èkejì, ó dá a padà. Décharge ni gbogbo wa ń pè é. Ẹni tí kò bá gbà á, tí wọ́n bá ní àwọn kò rí lẹ́tà kankan, kò ní nǹkan tí yóò fi hàn. Mo pè é ní "ẹ̀rí ìgbàwé". Bí ará Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí Àjàṣẹ́ bá ní èyí tó ti wà lẹ́nu wọn tẹ́lẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́, tiyín ni ká mú.