"Ojúde Òkun" ni mo fara mọ́, ẹ jẹ́ ká fi "ọgbà ère" sílẹ̀

Ẹ kú àtijọ́ o, ẹ̀yin ará. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n wa tó ń bá àwọn ará abúlé kan lápá Ìbẹ̀jù-Lẹ́kì ṣiṣẹ́ ti béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wa ni mo ti ń ka èsì yín. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ ya ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ létí òkun wọn, kí wọ́n to ère síbẹ̀, káwọn ọmọ máa ṣeré, káwọn àgbà máa gbatẹ́gùn, kí àlejò máa wá wò ó láìsan kọ́bọ̀, wọ́n wá fẹ́ orúkọ Yorùbá tí wọ́n máa kọ sára bọ́ọ̀dù. Ohun tó ti wọlé ni "ọgbà ère etí òkun", "páàkì ère", "gbàgede ọnà", "Ọ̀nà Ọnà", ẹnì kan tún kọ "ibùdó ìgbafẹ́ oníṣẹ́ ọnà gbígbẹ́ ti gbogbo ènìyàn ní bèbè òkun". Ẹ má bínú, èyí tó gùn yìí kì í ṣe orúkọ, àlàyé ni. Orúkọ ibi kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun téèyàn lè sọ fún ọlọ́kadà lẹ́ẹ̀kan kó sì gbọ́.

Ọgbà ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, torí òun lọ̀pọ̀ yín dìbò fún. Ọgbà ni ibi tí wọ́n fi nǹkan yí ká. Ọgbà ẹ̀wọ̀n, ọgbà ẹranko, ọgbà iléèwé, kódà ọgbà Édẹ́nì, ọjọ́ tí wọ́n lé Ádámù jáde, ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n fi sẹ́nu ọ̀nà. Níbi tí ọgbà bá wà, géètì máa wà níbẹ̀, tí géètì bá sì ti wà, lọ́jọ́ kan ẹnì kan á gbé àga síbẹ̀ á máa já tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo etí òkun Èkó láti Lẹ́kì lọ, ibi tó jẹ́ pé èèyàn kàn máa ń rìn lọ tẹ́lẹ̀, mélòó nínú ẹ̀ lẹ lè wọ̀ lónìí láìsanwó? Ti Freedom Park ní Broad Street, ọgbà bá a mu dáadáa, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni kí wọ́n tó sọ ọ́ di ibi ìgbafẹ́ ní 2010. Àmọ́ àwọn ará abúlé yìí ò fẹ́ ògiri, wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀, kí ló dé tá a máa wá fún wọn lórúkọ tó ti mọ ògiri sílẹ̀ dè wọ́n? Ní ti páàkì, mọ́tò ló ń wá síni lọ́kàn. Ká máa lọ.

Ẹni tó mú "Ọ̀nà Ọnà" wá ro nǹkan dáadáa, mo gbà fún un. Ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti to ère sétí òkun káàkiri ayé, ọ̀nà ni wọ́n fi ṣe, kì í ṣe ọgbà. Ní Sydney lọ́hùn-ún ní Ọsirélíà, láti 1997 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ Sculpture by the Sea, orí ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gba ẹ̀gbẹ́ àpáta láti Bondi lọ sí Tamarama ni wọ́n ń to iṣẹ́ náà sí, bíi kìlómítà 2, èèyàn á máa rìn á máa wò, òkun wà lápá kan, ọ̀fẹ́ sì ni. Nítòsí wa níbí, ní Ouidah ní Benin Republic, àwọn ère tí Cyprien Tokoudagba ṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí wọ́n gbà kó àwọn èèyàn wa lọ sínú ọkọ̀ ẹrú, bíi kìlómítà 4, ó ń lọ títí tó fi dé ẹnu ọ̀nà ràgàjì tí wọ́n kọ́ sórí iyanrìn ní 1995, èyí tí wọ́n ń pè ní Ilẹ̀kùn Àìpadàbọ̀. Ère yẹn gan-an ló ń mú ẹsẹ̀ èèyàn rìn. Ṣùgbọ́n ti Ìbẹ̀jù yìí kì í ṣe ọ̀nà, ojú kan ni, ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni. Ìṣòro kejì ni pé ẹni tó máa kun bọ́ọ̀dù ò ní fi àmì sí i, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, "ONA ONA" ló máa kọ, ẹni tó bá ń kọjá á kà á sí ọ̀nà ọ̀nà, á ní ọ̀nà ibo.

Gbàgede dáa ju ọgbà lọ lójú mi, àmọ́ ọ̀pọ̀ ibi ló jẹ́ pé inú agbo ilé ni gbàgede wà, ibi tí wọ́n ń sá àgbàdo àti èlùbọ́ sí, ti àwọn ará ilé ni.

Ohun témi ti dá lábàá tẹ́lẹ̀ ni OJÚDE ÒKUN.

Ẹ fara balẹ̀ wò ó. Ojúde ni iwájú ilé, kò ní ìlẹ̀kùn, kò ní ògiri, ẹnikẹ́ni ló lè kọjá níbẹ̀, ọmọdé ń ta ayò níbẹ̀, wọ́n ń ṣe ìnáwó níbẹ̀, olóńjẹ gbé igbá ẹ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀ ojúde ní onílé. Ẹni tó bá dúró lójúde mọ̀ pé iwájú ilé ẹnì kan lòun wà. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ kẹta Iléyá, gbogbo rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ á tò wá síwájú Awùjalẹ̀, ẹlẹ́ṣin á fẹṣin dárà, orúkọ tí wọ́n fún un ni Ojúde Ọba, kò sẹ́ni tó nílò àlàyé. Tá a bá wá sọ pé Ojúde Òkun, a ti sọ pé iwájú òkun ni, a ti sọ pé ti gbogbo èèyàn ni, a ti sọ pé ibi ìpéjọ ni, nǹkan mẹ́ta tí gẹ̀ẹ́sì ní láti máa tò lé ara wọn, ojúde kan ṣoṣo ló kó wọn pọ̀. "Etí òkun" kàn ń sọ ibi tó wà ni, kò sọ ohun téèyàn ń ṣe níbẹ̀. "Bèbè" ní tiẹ̀, ibi tí ilẹ̀ ti parí ni, ibi téèyàn ti lè já bọ́ ni, kò yẹ kẹ́nikẹ́ni gbé ère sí bèbè.

Ọ̀rọ̀ bèbè yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán o. Òkun tiwa máa ń jẹ ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó òkúta jọ di ògiri méjì sẹ́nu Èkó láàárín 1908 sí 1912 kí ọkọ̀ ojú omi lè máa ráyè wọlé, iyanrìn tí omi ń gbé láti ìwọ̀ oòrùn bọ̀ dúró sẹ́yìn ògiri, apá Lighthouse Beach ń ga sí i, apá ìlà oòrùn ni kò rí iyanrìn gbà mọ́, bí òkun ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach nìyẹn lọ́dọọdún títí wọ́n fi wá da iyanrìn padà síbẹ̀ kọ́ Eko Atlantic. Àwọn ará Ayétòrò ní Ìlàjẹ, ìlú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947, mélòó nínú ilé wọn ló ti bómi lọ? Torí náà ẹni tó bá ń ya pílánì ibí yìí gbọ́dọ̀ fàyè gbọọrọ sílẹ̀ láàárín ère àti omi. Ojúde gan-an nìyẹn, àyè tó wà láàárín ẹni tó wá kí onílé àti ilé onílé. Ibẹ̀ náà làwọn apẹja á máa rí ibi fa ọkọ̀ àti àwọ̀n wọn gòkè, wọn ò sì ní kọ lu ère kankan.

Bọ̀dá wa tó kọ̀wé láti Ìbàdàn ní ààfin nìkan ló ni ojúde. Rárá o. Kálukú ló ní ojúde tiẹ̀, ojúde baálé wà, ojúde ìyá àgbà wà, a máa ń sọ pé "mo bá a lójúde ilé ẹ̀". Wọ́n tún ní ká ṣọ́ra kí wọ́n má lọ rò pé Olókun là ń bọ. Òkun la kọ o, a ò kọ Olókun. Bí àwọn tó ni etí òkun bá wá fẹ́ gbé ère Olókun kan síbẹ̀, òkun wọn ni, wọ́n mọ̀ ọ́n jù wá lọ.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ̀rọ̀ lórí ère Ṣàngó tí ẹnì kan fi ṣe àpẹẹrẹ "ère etí òkun", èyí tí Ben Enwonwu fi idẹ dà tí wọ́n gbé síwájú ilé iṣẹ́ iná ìjọba, tó wá di NEPA, ní Marina ní 1964. Iṣẹ́ ńlá ni, mi ò rí irú ẹ̀ láwùjọ ère tó wà lójú títì Èkó. Ṣùgbọ́n ọ̀sà ló wà ní Marina, kì í ṣe òkun, àwọn baba wa ò sì da Ọlọ́sà àti Olókun pọ̀. Ọ̀sà rọra, kì í fi iyọ̀ na nǹkan bí ìgbì òkun ṣe ń ṣe.

Ó wá ku "ère" fúnra ẹ̀. Àǹtí wa tó wà ní London ní ká má lò ó, pé táwọn pásítọ̀ àti áfáà bá rí i wọ́n á ní òrìṣà là ń gbé kalẹ̀, ká lo "iṣẹ́ ọnà gbígbẹ́". Ẹ̀rù yẹn yé mi. Àmọ́ ẹ̀yin náà ẹ wò ó, irin kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbẹ́. Irin, wọ́n ń rọ ọ́ ni, amọ̀, wọ́n ń mọ ọ́ ni, idẹ, wọ́n ń dà á ni, igi àti òkúta ló gba gbígbẹ́. Tẹ́ ẹ bá kọ "gbígbẹ́" sára bọ́ọ̀dù, ẹ ti lé alágbẹ̀dẹ àti amọ̀kòkò jáde nìyẹn. Ère ló gba gbogbo wọn mọ́ra. Bíbélì Yorùbá tó jáde odindi ní 1884 fúnra ẹ̀ lo ère fífín, ó lo ère dídà, ó sì lo ère wúrà fún èyí tí Nebukadinésárì gbé dúró ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Dúrà. Ìforíbalẹ̀ lẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ère Mọremí tí Ọọ̀ni gbé dúró ní Ilé-Ifẹ̀ ní 2016, tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 42, kò sẹ́ni tó pè é ní iṣẹ́ ọnà gbígbẹ́, ère Mọremí ni tàgbà tèwe ń pè é. Ère Fẹlá tí wọ́n gbé sí Allen ńkọ́, èyí tí Abolore Sobayo ṣe ní 2017 tí kò ní orí? Ère ṣì ni wọ́n ń pè é. Ní Salvador ní Brazil, lórí omi Dique do Tororó, Tatti Moreno gbé àwọn òrìṣà kalẹ̀ ní 1998, Ṣàngó, Ọ̀ṣun, Yemọja àti àwọn tó kù, orúkọ òrìṣà gan-an ni wọ́n fi ń pe àwọn ère náà níbẹ̀, ẹ̀rù ò bà wọ́n.

Ibi tí ère ti kù díẹ̀ káàtó ni àwọn iṣẹ́ tí kò jọ èèyàn tí kò jọ ẹranko, irin tí wọ́n kàn tẹ̀ kọrọdọ, òkúta tí wọ́n dá ihò sí láàárín kí atẹ́gùn òkun lè máa fun fèrè níbẹ̀. Ọmọ wa kan kọ "àwòyíká" fún irú èyí, ohun tá a ní láti yí po ká tó rí i tán, ó sì fi yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwòrán tó jẹ́ pé iwájú nìkan la ti ń wò ó. Ọ̀rọ̀ yẹn dáa gan-an, ẹ jẹ́ ká tọ́jú ẹ̀ fún ìwé ẹ̀kọ́. Lára bọ́ọ̀dù, ère ni o.

Lẹ́bàá ẹsẹ̀ ère kọ̀ọ̀kan, wọ́n máa fi pátákó kékeré sọ ẹni tó ṣe é. Àwọn kan ti kọ "láti ọwọ́ Lágbájá". Mo bẹ̀ yín, ẹ fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sí i: Lágbájá ló gbẹ́ ẹ, Tàmẹ̀dò ló rọ ọ́, Làkáṣègbè ló mọ ọ́. Ẹni tó bá kà á ti mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é àti bí wọ́n ṣe ṣe é. Ní ojúbọ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ní 2005, sìmẹ́ǹtì ni Adébísí Àkànjí fi mọ ọ̀pọ̀ nínú ohun tó ṣe pẹ̀lú Àdùnní Olórìṣà, ìyẹn Susanne Wenger, iṣẹ́ bíríkìlà ló sì ń ṣe tẹ́lẹ̀. Sìmẹ́ǹtì yẹn dúró nínú igbó Òṣogbo, létí òkun ọ̀rọ̀ máa yàtọ̀. Iyọ̀ á gba ojú ihò tín-ínrín wọlé, á bá irin tó wà nínú ẹ̀, irin á dógùn-ún, bó bá sì ti ń dógùn-ún ni yóò máa wú, ara sìmẹ́ǹtì á là gbàràgàdà, apá ère á já bọ́. Ẹ lọ wo géètì ilé èyíkéyìí tó kọjú sókun, ìpẹtà ara ẹ̀ ń ṣí bí ìpẹ́ ẹja, kò sì tíì pẹ́ tí wọ́n kùn ún. Ẹ sọ fún àwọn ará ibẹ̀ kí wọ́n mú òkúta, kí wọ́n mú idẹ, tó bá sì pọn dandan kó jẹ́ sìmẹ́ǹtì, kí irin inú ẹ̀ jẹ́ èyí tí kì í dógùn-ún, kí sìmẹ́ǹtì tó bò ó sì nípọn dáadáa.

Ẹnì kan tún kọ "ṣíṣe ọnà síbẹ̀" fún iṣẹ́ ẹni tó ń ya pílánì, ìyẹn á dà bíi pé wọ́n kàn fẹ́ kun ibẹ̀ lọ́dà. "Ìgbékalẹ̀" ni kẹ́ ẹ lò.

Ẹ̀gbọ́n, ohun tí mo máa fẹ́ kẹ́ ẹ kọ sára bọ́ọ̀dù rèé: OJÚDE ÒKUN gàdàgbà lókè, kó wá jẹ́ "Ère ìlú wa rèé, ẹ yà wá wò ó" nísàlẹ̀. Àmì ohùn gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ̀ o, torí "ere" láìsí àmì lè jẹ́ eré, ó lè jẹ́ èrè. Ẹ má fi lẹ́tà lásán ránṣẹ́ sí akunbọ́ọ̀dù, ẹ ya àwòrán bó ṣe máa rí gan-an fún un kó máa wò ó kọ, ẹ sì dúró tì í bó bá ń kọ ọ́. Kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn ará Ìlàjẹ àti àwọn tó wà ní Àjàṣẹ́ ní Benin Republic nínú wa, kí lẹ̀ ń pe ilẹ̀ iyanrìn tó wà láàárín ilé tó kángun sómi àti omi gan-an? Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ kan tó ju ojúde lọ níbẹ̀, ẹ mú un wá kíá, torí wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀dù.