Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà "void": ṣé "òfo" tó o?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ máa ń túmọ̀ èdè. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá, ṣùgbọ́n ó ti dà mí láàmú fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ń túmọ̀ ìwé fún ilé ìwòsàn kan, mo sì bá gbólóhùn kan pàdé tó sọ pé aláìsàn "voided" mìlílítà 250. "Òfo" àti "asán" ni mo rí nínú ìwé atúmọ̀ èdè tí mo ń lò, ni mo bá kọ ọ́ pé aláìsàn náà di òfo. Ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ mi wò pè mí lóru, ó bi mí pé ta ló kú. Ẹ̀rù bà mí gan-an, nítorí bí Yorùbá bá ti ní òfo ṣe ẹbí kan, ikú ni gbogbo ènìyàn yóò gbọ́. Ìwé àdéhùn ló tún wà níwájú mi báyìí, mo sì ti rí void níbẹ̀ ní ìgbà mẹ́rin. Báwo ni ẹ ṣe ń túmọ̀ rẹ̀?

Ìdáhùn kìíní

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Nínú ìwé ìwòsàn, ọ̀rọ̀-ìṣe ni void, ohun tó sì túmọ̀ sí ni kí ènìyàn tú ohun tó wà nínú ara jáde, pàápàá ìtọ̀. "Aláìsàn náà tọ̀, ìtọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ mìlílítà 250" ti pé. Ìlò yìí ti pẹ́. Láti inú Faransé àtijọ́ ni Gẹ̀ẹ́sì ti yá ọ̀rọ̀ náà, gbòǹgbò rẹ̀ sì wà nínú Látìn, níbi tí ó ti jẹ mọ́ kí nǹkan ṣófo. Kódà avoid, tí a mọ̀ sí "yẹra fún", ọmọ ìyá rẹ̀ ni: kíkó nǹkan kúrò ni ó kọ́kọ́ jẹ́, kí ó tó di yíyẹra. Bí ẹ bá tún rí post-void, ìtọ̀ tó ṣẹ́kù sínú àpòòtọ̀ lẹ́yìn tí ènìyàn ti tọ̀ tán ni wọ́n ń wọ̀n.

Ìdáhùn kejì

Ti ìwé àdéhùn ni mo fẹ́ sọ, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń náni lówó. Àdéhùn tó jẹ́ void kò ṣófo rárá: ó lè gba ogún ojú ìwé, kí tọ̀tún-tòsì sì ti fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n agbára òfin ni kò sí lára rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, bí àdéhùn tí ẹni méjì bá ṣe láti lọ jalè. "Kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lábẹ́ òfin" ni mo máa ń kọ. Null and void kò sì nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àṣà àwọn agbẹjọ́rò Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ méjì sọ ohun kan.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣọ́ra fún voidable. Èyí dúró, ó sì ń ṣiṣẹ́, títí ẹni tí wọ́n fi irọ́ tàn wọ inú rẹ̀ yóò fi sọ pé òun kò ṣe mọ́. Bí onítọ̀hún bá sì gbà kí ó máa lọ bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é. "Àdéhùn tí a lè wọ́gi lé" ni mo ń pè é. Bákan náà ni ti sọ̀wédowó tí wọ́n kọ VOID gàdàgbà sí lójú: nọ́ńbà àkáǹtì ṣì hàn lára rẹ̀ kedere, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fi gbowó.

Ìdáhùn kẹta

Ètò kọ̀ǹpútà ni mo ń kọ, ọ̀rọ̀ yìí kò sì yé ọ̀pọ̀ àwọn tí mo ń kọ́. Nínú èdè C, bí void bá ṣáájú orúkọ iṣẹ́ kan (function, ìyẹn àkójọ àṣẹ tí a fún ní orúkọ kan), wọ́n á ní iṣẹ́ náà kò ṣe nǹkan kan. Ó ń ṣe é! Ó lè kọ orúkọ yín sójú kọ̀ǹpútà báyìí. Kò kàn ní dá iye kankan padà fún ẹni tó pè é ni. Ti void * (atọ́ka sí ibi tí nǹkan wà nínú kọ̀ǹpútà) tún yàtọ̀ sí ìyẹn: ó ń tọ́ka sí ohun kan gidi, irú ohun tí ó jẹ́ nìkan ni wọn kò sọ.

Ní ojú sánmà náà, void, ibi gbalasa tí ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ti ṣọ̀wọ́n, tí onímọ̀ ìràwọ̀ Robert Kirshner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde ní 1981, ní ìhà àwọn ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Boötes, fẹ̀ ju mílíọ̀nù 200 ọdún ìmọ́lẹ̀ lọ, síbẹ̀ a rí ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ díẹ̀ nínú rẹ̀. "Àlàfo" ni màá pè é, n kò ní pè é ní "òfìfo".

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti padà sídìí ìwé àdéhùn náà. "Kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀" bá ibi mẹ́ta mu. Ìkẹrin, tí mo ti sáré kà kọjá, voidable ni wọ́n kọ síbẹ̀.